Omi Ẹran Inú Fíríìsà ní Igbódìgò

Lọ́jọ́ kejì òkú àgbà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìdáná lèèyàn ti ń mọ bí ìnáwó náà ṣe tó. Ìkòkò ràgàjì tí wọ́n fi se màlúù ṣì wà lórí ààrò, iná ti kú, eérú ti fò bo ìdérí. Ẹran ti tán nínú rẹ̀: àlejò ti jẹ, àwọn ọmọ ilé ti pín ìyókù, àwọn alásè ti di tiwọn lọ. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni omi, omi tó ti bá egungun itan, ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ọ̀rá funfun ti dì bo ojú rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, obìnrin méjì á di etí ìkòkò mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lásìkò yẹn, dídà ló tọ́ sí i. Omi ẹran tó sùn mọ́jú nínú ìkòkò ńlá, nínú ooru ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò yẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó dunni ni pé ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí wọ́n bu ẹran tó gbẹ̀yìn jáde, oúnjẹ gidi ni. Wákàtí díẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun à ń dànù, àwọn wákàtí wọ̀nyẹn ló sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dáná mọ̀ nípa rẹ̀.

Igbódìgò, ọ̀kan lára àwọn ìlú Ìkálẹ̀, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ilẹ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ni, etí omi àwọn Ìlàjẹ kò sì jìnnà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá ọmọ ibẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nípa títọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́. Ẹ wo pupuru. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n á tò ó sórí àjà lókè iná. Ooru àti èéfín á gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha ibi tó dúdú kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja: èyí tí kò bá tà ní tútù lọ́jà Igbókòdá, ẹnu ààrò ló ń lọ, yóò sì di ẹja gbígbẹ tó lè wọ ọkọ̀ dé ìlú òkè.

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí, omi ni wọ́n ń lé. Ohun tí kò bá lómi lára, kòkòrò àìfojúrí kò lè gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ẹran, omi ni òun fúnra rẹ̀. Kò ṣe é tò sórí àjà, kò ṣe é sá sóòrùn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láyé àwọn ìyá àgbà, ọjọ́ tí wọ́n bá se ẹran náà ni wọ́n ń lo omi rẹ̀ tán. Bí ó bá ṣẹ́kù, wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀, wọ́n á tún gbé e kaná lálẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọbẹ̀.

Àwọn òyìnbó gbìyànjú láti lé omi kúrò lára omi ẹran. Ní 1768, nígbà tí James Cook wa ọkọ̀ Endeavour kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọbẹ̀ gbígbẹ wà lára ẹrù oúnjẹ tó kó. Egungun àti ẹran ni wọ́n sè títí omi rẹ̀ fi ki pọ̀pọ̀, tí wọ́n wá gbẹ ẹ́ di wàláà líle, kí àwọn atukọ̀ lè yọ́ ọ sínú omi gbígbóná lójú agbami. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ tó ń lo ọgbọ́n Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹran màlúù di oje dúdú tó ki ní Fray Bentos, ní orílẹ̀-èdè Uruguay, láti 1865. Nǹkan bí kílò 30 ẹran ló ń lọ sínú kílò kan oje náà, ẹran màlúù sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn ju ẹnu tó lè jẹ ẹ́ lọ. Julius Maggi ará Switzerland ló wá mú un dé ọ̀dọ̀ tálákà: ní 1908 ó gbé hóró onígun mẹ́rin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde. Láti ibẹ̀ ni mágì ti rin dé ilé ìdáná Igbódìgò.

Ẹni tó bá ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí mágì yóò rí i pé iyọ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú nínú àwọn èròjà rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ ju gíráàmù 5 iyọ̀ lọ lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan, látinú gbogbo ohun tó bá jẹ. Kò sí ẹni tó ń bá mágì ṣe ìjà níbí. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ilé tó ń da ojúlówó omi ẹran nù lálẹ́, tó sì ń fi owó ra hóró mágì láàárọ̀, ń fi dáradára ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tó kéré sí i.

Ojúlówó ni a pè é, ó sì yẹ kí a sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹran bá ń hó, adùn rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ àti díẹ̀ lára ohun aṣaralóore inú rẹ̀ ń bọ́ sínú omi. Bí egungun, awọ, ọrùn adìẹ tàbí bọ́kọ̀tọ̀ bá wà níbẹ̀, ohun kan tún ń ṣẹlẹ̀: èròjà inú iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á di gelatin. Òun ló ń mú kí omi bọ́kọ̀tọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ètè. Bí omi ẹran tó ní in bá tutù dáadáa, á dì bí ẹ̀kọ, á máa mì tìtì bí wọ́n bá mi abọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí èyí nínú fìríìjì tí wọ́n á rò pé ó ti bàjẹ́, tí wọ́n á dà á nù. Kò bàjẹ́ rárá. Àmì pé egungun ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Bí ó bá kan iná báyìí, á padà di omi.

Síbẹ̀, kí ìyá ọmọ má ṣe fi omi ẹran rọ́pò ẹran fún ọmọ tó ń dàgbà. Ohun aṣaralóore inú gelatin kò pé, omi ló sì pọ̀ jù nínú omi ẹran. Adùn ọbẹ̀ ni omi ẹran wà fún, kí ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran púpọ̀ lè lọ lọ́nà ọ̀fun.

Ó wá ku ọ̀nà kejì, ọ̀nà tí kò lé omi ṣùgbọ́n tó sọ ọ́ di yìnyín. Clarence Birdseye, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ gbé ní Labrador ní Kánádà láti 1912. Ó rí bí àwọn Inuit ṣe ń fa ẹja jáde nínú omi tí atẹ́gùn òtútù sì ń sọ ọ́ di òkúta lójú ẹsẹ̀, tí ẹja náà bá sì yọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, adùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni pé kí nǹkan dì kíákíá ló ṣe pàtàkì. Ó padà sílé, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ dì wàràwàrà, nígbà tó sì di oṣù kẹta 1930, oúnjẹ rẹ̀ wà lórí igbá ní ìlú Springfield, ní Massachusetts. Lónìí, ilé Yorùbá ní Peckham, London, lè se ọbẹ̀ oṣù kan lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, kí wọ́n bù ú sínú ike, kí wọ́n sì lọ síbi iṣẹ́ wọn láìwẹ̀yìn.

Fún ẹja, kíákíá yẹn wà nítorí ara ẹja kó má baà fọ́. Fún omi ẹran, ó wà nítorí ẹ̀mí ẹni tó máa mu ún.

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Clostridium perfringens. Ó wà lára ẹran, ó wà nínú ilẹ̀, kò sì sí alápatà tó lè fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá. Bí omi bá hó, èyí tó wà láàyè nínú wọn á kú, ṣùgbọ́n àwọn kan á ti sé ara wọn mọ́ inú èèpo líle, wọ́n á sì dúró títí iná á fi kú. Nígbà tí omi náà bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á jáde. Ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 43 sí 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀kan lára wọn lè di méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìkòkò ńlá tó kún fún omi ẹran lè wà ní àdúgbò ooru yẹn fún wákàtí púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá dé e pa. Àjọ tó ń rí sí àrùn ní Amẹ́ríkà, CDC, fojú bù ú pé kòkòrò yìí ń ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn níbẹ̀ lọ́dún: inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, lẹ́yìn oúnjẹ tí wọ́n sè púpọ̀ fún èrò púpọ̀. Òkú àgbà kọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìkòkò náà kò yàtọ̀.

Gbígbé e kaná láàárọ̀ ńkọ́? Ọgbọ́n àwọn àgbà ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ là. Ó ń pa èyí tó bá ti jáde nínú èèpo. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn wà, irú èyí tó ń ti ọwọ́ àti imú èèyàn bọ́ sínú oúnjẹ, tó ń pọ májèlé sílẹ̀ kó tó kú. Hínhó kì í pa májèlé yẹn. Omi ẹran tó ti wà níta láti alẹ́ dé àárọ̀, kò sí iná tó lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Fíríìsà náà kò lè ṣe é: òtútù ń dá kòkòrò dúró ni, kì í pa á. Bí èèyàn bá gbé omi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ sínú yìnyín, èyí tó ti ń bàjẹ́ náà ni yóò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó.

Nínú àwọn ìlànà márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2001 lórí oúnjẹ tí kò léwu, ọ̀kan sọ ọ́ ní tààrà: kí oúnjẹ sísè má ṣe wà níta ju wákàtí méjì lọ. Ìwọ̀n ooru tó léwu bẹ̀rẹ̀ láti 5 dé 60. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ tọ́jú omi ẹran ni pé kó mú un la àárín ìwọ̀n méjèèjì kọjá kíákíá. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ó gba bẹ́sìn, omi tútù, àti ẹni tí kò ní lọ wo fíìmù kó tó parí iṣẹ́.

Bí ẹran bá ti jinná, wọ́n á bù ú kúrò nínú omi. Wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ omi náà kí èérún egungun àti ewé má baà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, wọ́n á pín in sí ìkòkò kéékèèké, nítorí omi tó wà nínú abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn máa ń tètè tutù ju èyí tó wà nínú ìkòkò jíjìn lọ. Wọ́n á gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan ka inú bẹ́sìn omi tútù, kí omi bẹ́sìn gòkè dé ibi tí omi ẹran gòkè dé nínú ìkòkò, wọ́n á sì máa fi ṣíbí gígùn rò ó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni omi bẹ́sìn á ti lọ́. Wọ́n á dà á nù, wọ́n á bu òmíràn. Ẹni tó bá ní píọ́ wọ́tà tó ti dì nínú fíríìsà lè ju mẹ́ta mẹ́rin sínú omi bẹ́sìn, láìtú u. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ni pé kí ooru oúnjẹ bọ́ láti 57 sí 21 láàárín wákàtí méjì, kó sì bọ́ sí 5 láàárín wákàtí mẹ́rin mìíràn. Bí ọwọ́ bá kan ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí kò sì rí ooru kankan níbẹ̀ mọ́, ó ti yá láti rọ ọ́ sínú ike.

Kò yẹ kí wọ́n gbé e ní gbígbóná wọ inú fíríìsà kékeré ilé. Yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ẹran tútù tó wà níbẹ̀ á rọ̀, ẹ̀rọ náà á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekú láti gba ara rẹ̀ padà. Ní ìlú tí iná kò ti dúró, ẹ̀rọ náà lè má rí àyè gba ara rẹ̀ padà kí wọ́n tó mú iná lọ.

Ìṣòro tó ń yọ gbogbo ẹni tó ní fíríìsà lẹ́nu ní Igbódìgò nìyẹn. Àwọn ìwé ìròyìn ti kọ ọ́ léraléra pé ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Òǹdó, ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá láìrí iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ iná Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà, tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Mẹ́gáwáàtì 335 ni ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́, 2007 ni wọ́n sì ṣí i. Iná tí wọ́n ń pèsè níbẹ̀ ń gba orí wáyà ńlá kọjá lọ sínú ẹ̀ka iná gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tí àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ń tan àtùpà. Ó yẹ kí ó máa dun ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá 2013, ilé iṣẹ́ aládàáni BEDC, tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Benin, ni wọ́n gbé pínpín iná Òǹdó lé lọ́wọ́. Òfin iná mànàmáná tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣe àbójútó ọjà iná wọn, Òǹdó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2024. Ohun tí yóò tinú rẹ̀ jáde ni àwọn ará Igbódìgò ń retí.

Jẹnẹrétọ̀ náà kò rọrùn mọ́. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó bẹntiróòlù ti fò sókè débi pé ọ̀pọ̀ ilé kò lè tan ẹ̀rọ nítorí fíríìsà nìkan. Àwọn tó lágbára díẹ̀ ti ń fi sólà sórí òrùlé. Àwọn tó kù ń gbé ọ̀rá ẹran wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja tútù, tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nítorí ọjà rẹ̀, kó bá wọn fi í sígun kan. Àṣà dáadáa ni, bí wọ́n bá di ike náà pa dáadáa kí omi ẹja tútù má baà kán sínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa fíríìsà, tó sì ṣe pàtàkì gan-an níbi tí iná kò ti dúró: fíríìsà tó kún máa ń di òtútù mú ju èyí tó ṣófo lọ. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oúnjẹ sọ pé fíríìsà tó kún dẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí, lè gbé òtútù rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì á gbé e fún nǹkan bí 24. Fìríìjì lásán kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ìdí ni pé yìnyín tó pọ̀ jọ ń pa ara rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ inú fíríìsà òfìfo kò sì ní ohun tó lè fi di òtútù mú. Nítorí náà, ilé tí kò bá ní ẹran tó pọ̀ lè fi píọ́ wọ́tà àti ike omi dí gbogbo àyè tó ṣófo. Omi yẹn kì í ṣe fún títà. Ẹrù òtútù ni, tó ń dúró de àsìkò tí iná bá lọ. Ó tún dára kí fíríìsà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣí láti òkè, nítorí òtútù a máa wọ́ sísàlẹ̀, kì í sì í tú jáde tó bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá gbé ìdérí rẹ̀ sókè.

Ta ló wá máa sọ fún onílé bóyá iná lọ fún wákàtí mẹ́rin tàbí fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí kò sí nílé? Ife omi kan ló máa sọ ọ́. Wọ́n á gbé ife omi sínú fíríìsà títí yóò fi di yìnyín, wọ́n á fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tàbí òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, wọ́n á dá a padà sáàárín ẹrù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé, wọ́n á wò ó. Bí kọ́bọ̀ bá ṣì wà lókè, yìnyín náà kò yọ́. Bí ó bá ti rì dé ìdajì, ó yọ́ díẹ̀ kó tó tún dì. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ohun gbogbo inú fíríìsà ti yọ́, ó sì ti dì padà lẹ́yìn wọn. Omi ẹran tó wà níbẹ̀ dì gbagidi lójú, ó mọ́, ó ń dán, kò sì sí ẹni tó mọ iye wákàtí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ ìkòkò.

Bí onílé bá wà nílé nígbà tí iná lọ, tí iná sì dé nígbà tí omi ẹran ṣì ní yìnyín nínú, ó lè jẹ́ kí ó dì padà. Adùn rẹ̀ lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò léwu. Bí yìnyín bá ti tán nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì tutù nini, kí wọ́n fi dáná lọ́jọ́ náà gan-an.

Àyè kò pọ̀ nínú fíríìsà ilé, iná sì wọ́n. Nítorí náà kò bọ́gbọ́n mu láti máa fi iná tọ́jú omi lásán. Kí wọ́n tó mú un tutù, wọ́n lè jẹ́ kí omi ẹran tí wọ́n ti sẹ́ hó láìdé e, títí lítà mẹ́rin á fi di lítà kan. Ó ti ki, ó ti dúdú díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n á fi omi mẹ́ta lé ọ̀kan rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni iyọ̀: iyọ̀ tó bá lítà mẹ́rin mu yóò wà níbẹ̀ gbogbo rẹ̀ nígbà tó bá ku lítà kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò tọ́jú omi ẹran yẹ kó se é pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti ewé, kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó sì fi mágì sílẹ̀ di ọjọ́ ìdáná.

Omi máa ń fẹ̀ sí i bó bá ń di yìnyín, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìgò bọ́tà ẹ̀pà tàbí ìgò gíláàsì mìíràn yè nínú fíríìsà: ó kún dẹ́nu lálẹ́, ó là sí méjì láàárọ̀, èérún gíláàsì sì ti bá omi ẹran pọ̀. Rọ́bà tó lágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń ta àísìkiríìmù, ló dára jù, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́ tí ìdérí rẹ̀ sì ṣì ń dé dáadáa. Kí wọ́n fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè. Ẹni tó bá ní ọ̀rá nípọn tó ṣe é dé pa lè rọ ọ́ sínú rẹ̀ dé ìdajì, kó ti afẹ́fẹ́ jáde, kó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí páànù títí yóò fi dì. Ọ̀rá pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ ń tètè dì, ó ń tètè yọ́, wọ́n sì lè tò ó lé ara wọn. Ọ̀rá dúdú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di nǹkan lọ́jà kò yẹ kí ó kan oúnjẹ rárá. Fún ìdáná ẹni kan tàbí ìkòkò ẹ̀fọ́ kékeré, àwo yìnyín oníhò wúlò: hóró kọ̀ọ̀kan á gba nǹkan bíi ṣíbí ìjẹun méjì. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹran sára ike, nítorí bí omi màlúù, omi adìẹ àti omi ewúrẹ́ bá ti dì tán, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rá tó dì sójú omi náà ní iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e sínú fìríìjì mọ́jú, á dì ní funfun, wọ́n á sì fi ṣíbí ká a kúrò lódindi. Ọ̀rá ló ń kọ́kọ́ ní òórùn burúkú nínú fíríìsà bí oṣù bá ń lọ, nítorí náà omi tí wọ́n bá yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò ló ń pẹ́ jù.

Nínú fìríìjì, omi ẹran kò yẹ kó ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Nínú fíríìsà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo, adùn rẹ̀ á wà ní pípé fún oṣù méjì sí mẹ́ta; lẹ́yìn ìyẹn kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n òórùn fíríìsà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Fún fíríìsà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀, oṣù kan ti tó. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, kí wọ́n má ṣe gbé e sórí tábìlì kó máa yọ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Kí wọ́n fi ike náà sábẹ́ omi díẹ̀ kó lè yọ kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n jù ú sínú ìkòkò ní yìnyín bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó hó yaya kí ohunkóhun tó tẹ̀ lé e.

Ibi tó ń lọ láti ibẹ̀ pọ̀. Omi màlúù tó ki ló bá ẹ̀gúsí mu. Omi adìẹ àgbà, adìẹ tó ti yé ẹyin tán tí ẹran rẹ̀ sì ti yi, ló ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù àti àsáró iṣu. Ọbẹ̀ màrúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi ewé Clerodendrum volubile sè láàárín àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, tí wọ́n sì ń fi jẹ pupuru, máa ń gba ẹja gbígbẹ; omi orí ẹja ni yóò bá a lọ ju omi màlúù lọ. Omi ẹja kò fẹ́ hínhó púpọ̀ bíi ti egungun màlúù. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó fún un. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Òun náà ló ń tètè pàdánù adùn nínú yìnyín, nítorí náà ilé tó bá ní ike omi màlúù àti ike omi ẹja nínú fíríìsà kan náà, ti ẹja ni kí wọ́n kọ́kọ́ lò.